Ẹ̀kuyá: Ẹ̀fọ́ Tí Ọkọ́ Dá Sí

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ará Ifẹ̀ ń jẹ ni wọ́n gbìn. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀yìnkùlé àti etí àkìtàn a bẹ̀rẹ̀ sí í hu ewé tí ẹnikẹ́ni kò ra irúgbìn rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ ebè fún. Ní Ìlódè, àdúgbò kan ní Ifẹ̀, láàrin àwọn agboolé àtijọ́ tó fẹ̀yìn ti ara wọn, ẹ̀kuyá jẹ́ ọ̀kan nínú irú ewé bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó bá ń ro ẹ̀yìnkùlé a fa koríko yòókù tu, a sì yí ọkọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀kuyá kọjá. Ìdásí yẹn kò gba àkókò rárá, òun ni gbogbo ìtàn ewé náà sì rọ̀ mọ́.

Igi ẹ̀kuyá kò nípọn. Ó lè ga dé ìbàdí, bí ilẹ̀ bá sì lọ́ràá, ó lè dé àyà. Irun wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ wà lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá já a yóò máa gbọ́ ọ lọ́wọ́ ara rẹ̀ títí yóò fi fi ọṣẹ fọwọ́. Ewé márùn-ún ló sábà máa ń wà lórí ọ̀pá kan, wọ́n là bí ìka ọwọ́. Òdòdó rẹ̀ funfun, àwọn mìíràn a pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Abala òdòdó náà jẹ́ mẹ́rin, okùn tín-ín-rín mẹ́fà tó ru àtíkè òdòdó sì máa ń yọ síta gbọọrọ. Èso rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá gbẹ tán, a là, a sì da hóró dúdú wínníwínní sílẹ̀.

Mẹ́rin àti mẹ́fà yẹn ló yẹ kí á fiyè sí. Ìdílé ńlá kan wà láàrin ewéko ayé tí abala òdòdó wọn máa ń jẹ́ mẹ́rin, tí wọ́n tò bí àgbélébùú, tí okùn inú wọn sì sábà máa ń jẹ́ mẹ́fà. Ìdílé mústádì nìyẹn, mústádì kan náà tí àwọn tó ń ka Bíbélì mọ hóró rẹ̀ lórúkọ. Kábéèjì wà nínú ìdílé náà. Agbègbè òkun Mẹditaréníà àti àwọn ilẹ̀ tí òtútù ń mú ni wọ́n pọ̀ sí jù. Igbó ilẹ̀ Yorùbá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìkankan nínú wọn. Ẹ̀kuyá wà lára àwọn tó sún mọ́ wọn jù lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ewéko fi kà á mọ́ ìdílé mìíràn, àmọ́ ní ọdún 2002, Jocelyn Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi àyẹ̀wò DNA fi hàn pé ìdílé tí ẹ̀kuyá wà, Cleomaceae, àti ìdílé mústádì jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Nǹkan bíi 40 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni wọ́n pínyà. Irú èròjà tó ń ta ẹnu nínú mústádì wà nínú ẹ̀kuyá, ó sì wà lára ohun tó ń fún un ní òórùn àti ìkorò rẹ̀. Ọmọdé tó bá ti jẹ hóró ìbẹ́pẹ rí mọ irú títa bẹ́ẹ̀, nítorí ìbátan wọn ni ìbẹ́pẹ àti mòríńgà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan ọ̀nà jíjìn ni.

Carl Linnaeus, ará Sweden, sọ ewé náà ní Cleome gynandra nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1753. Orúkọ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń lò báyìí ni Gynandropsis gynandra. Àwọn Haúsá ń pè é ní gasaya.

Ìlódè ní tirẹ̀ kì í ṣe àdúgbò àná. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé kí Odùduwà tó gba ìjọba, ìletò mẹ́tàlá ló wà káàkiri ilẹ̀ náà, tí olúkúlùkù wọn ní olórí tirẹ̀: Ìdó, Ìdèta, Ìjùgbẹ̀, Ìráyè, Ìwìnrìn, Parakin àti àwọn yòókù. Ìlóràn wà lára wọn, Ọbalọ́ràn sì ni olórí ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ìletò náà para pọ̀ di ìlú kan ṣoṣo, Ọbalọ́ràn di olórí Ìlódè, oyè náà sì wà láàrin àwọn ìjòyè ńlá Ifẹ̀ títí di òní. Bí a bá fi ojú ewé wo ìtàn yìí, ohun tó sọ ni pé ó ti pẹ́ gan-an tí ènìyàn ti ń gbé orí ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ń dáná, tí wọ́n ń da eérú, tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, tí ògiri alámọ̀ ń wó, tí wọ́n sì ń mọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀kuyá ń wá. Igbó kìjikìji kì í ṣe ibùgbé rẹ̀. Oòrùn gangan ló fẹ́, ilẹ̀ tí ọkọ́ ti tú, tí ìgbẹ́ ẹran àti eérú sì ti bọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ìtàn ẹ̀kuyá lọ sínú aginjù yóò pòfo. Ibi tí ènìyàn bá tẹ̀dó sí ni yóò ti bá a.

Àkìtàn ilé àtijọ́ sì yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ń da ọ̀rá àti páànù lónìí. Eérú àdògán, èèpo iṣu, ìgbẹ́ adìẹ, irun ẹran, ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹrà síbẹ̀. Lọ́dún díẹ̀, ilẹ̀ náà a dúdú, a sì lọ́ràá ju oko tó wà ní ìrìn wákàtí kan sílé lọ. Ata, ilá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbìn sí etí rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ a hù, ẹ̀kuyá a hù, obìnrin ilé a sì mọ èyí tí òun yóò já fún ọbẹ̀ alẹ́. Ọgbà ni àkìtàn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin ló sì ń ṣe àkóso rẹ̀.

Ogun dé bá ọgbà yẹn lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1849, lẹ́yìn ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ará Ifẹ̀ fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Ìsọ̀yà, ó sì di 1854 kí wọ́n tó padà. Ní 1882, ìlú tún dahoro. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi wà lóko lọ́tẹ̀ yìí, títí di 1894 tí wọ́n padà wálé ní àkókò Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìn-ín-ní. Kò sí akọ̀wé tó rìn yí àwókù ilé ká láti ka ewé tó hù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìwà ẹ̀kuyá mọ ohun tí àwókù jẹ́ fún un: ògiri alámọ̀ tó yọ́ sílẹ̀, òrùlé tó ti jóná tó di eérú, gbangba tí oòrùn ń tàn sí. Iṣu tí ẹni tó padà dé bá gbìn kò ní ṣeé wà kí oṣù mélòó kan tó kọjá. Ẹ̀kuyá tó bá hù lónìí ti tó já lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Láàrin ọjọ́ tí ènìyàn padà sí ahoro àti ọjọ́ tí oko rẹ̀ máa tó jẹ, irú ewé bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ọbẹ̀ ró.

Àlàáfíà mú kòkó wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í gba oko Ifẹ̀ lọ́wọ́ iṣu àti àgbàdo, àwọn ará ìlú sì ń lọ gbé abà fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún. Abẹ́ kòkó ṣókùnkùn. Ewé rẹ̀ bo ilẹ̀, oòrùn kì í wọlé. Ẹ̀kuyá kò lè hù níbẹ̀. Bí oko ṣe ń di ti kòkó, tí owó kòkó sì ń wọ ọwọ́ àwọn ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọ́ tí a kì í gbìn ń sá wá sí àyíká ilé àti ìdí abà. Ó tún wá di ti obìnrin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àkókò yẹn náà ni àkọsílẹ̀ nípa oúnjẹ àti ewé wa bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. J. M. Dalziel tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ewéko tó wúlò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jáde ní 1937, ẹ̀kuyá sì wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀fọ́. William Bascom, ará Amẹ́ríkà, dé Ifẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà, ó sì wà níbẹ̀ di 1938. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ wà lára ohun tó gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ méjì lórí oúnjẹ Yorùbá àti bí a ṣe ń sè é kalẹ̀, tí ìwé àtìgbàdégbà Africa tẹ̀ jáde ní 1951. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó di babaláwo, ṣe iṣẹ́ lórí ewé Ọ̀sanyìn, Yunifásítì Ifẹ̀ sì tẹ àkójọ rẹ̀ jáde ní 1967. Iṣẹ́ ribiribi ni gbogbo wọn ṣe. Síbẹ̀, àwọn ọkùnrin ni wọ́n sábà ń bi léèrè nípa ewé: babaláwo, oníṣègùn, àgbẹ̀. Ìmọ̀ ẹni tó ń já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé kò gba ojú ìwé púpọ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu, lọ́dọọdún, ewé wo ló máa kù lórí ilẹ̀.

Sísè ẹ̀kuyá gba ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀mùnú rẹ̀ ni wọ́n ń já, kó tó yọ òdòdó, nítorí ìkorò rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i bó bá ti ń gbó. Wọ́n á ṣà á, wọ́n á fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí iyanrìn máa ń lẹ̀ mọ́ irun ara rẹ̀. Wọ́n á wá bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á da omi ìkorò náà nù, wọ́n á sì fún un títí yóò fi di ìṣù kékeré lọ́wọ́. Ata, àlùbọ́sà, epo pupa, irú wóró àti ẹja gbígbẹ ni yóò lọ bá nínú ìkòkò. Ẹni tí ìkorò bá pọ̀ jù fún a pa á pọ̀ mọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ. Iyán dára fún un, ní Ifẹ̀ tí iyán ti níyì. Omi tí wọ́n dà nù yẹn ń gbé lára fítámì C inú ewé lọ, nítorí náà ó dára kí bíbọ̀ náà má pẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù ṣì pọ̀: áyẹ́ọ̀nù, kálísíọ́mù àti èròjà tó ń di fítámì A nínú ara.

Àwọn kan a máa fojú oúnjẹ òtòṣì wo irú ẹ̀fọ́ yìí. Wọ́n ṣì í wò. Ilé olówó àti ilé aláìní ló ń jẹ ewúro, ẹ̀kuyá kò sì korò ju ewúro lọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ewúro ní igi tó dúró ní ọgbà, tí ènìyàn lè nawọ́ sí pé tòun ni, ẹ̀kuyá sì jẹ́ ewé ọlọ́dún kan tó ń hù níbi tó bá wù ú.

Ìlò rẹ̀ kò mọ lórí oúnjẹ. Káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n máa ń fún oje ewé náà sí etí tó ń dùn, wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ lé ibi tó bá wú. Àwọn dókítà etí kì í fọwọ́ sí kíkán oje ewé sí etí, pàápàá etí ọmọdé tó lè ti lu, ó sì yẹ kí á gbọ́ tiwọn lórí èyí. Ṣùgbọ́n àwọn tó rò pé agbára kan wà nínú òórùn ẹ̀kuyá kò jayò pa. Ní 1992, àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, M. M. Malonza pẹ̀lú O. O. Dipeolu, A. O. Amoo àti S. M. Hassan, tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé ewé yìí ń lé eégbọn màlúù sá, ó sì ń pa á. Ẹni tó bá gbọ́ Dípẹ̀olú àti Àmọ́ọ̀ mọ ilé tí orúkọ méjì nínú wọn ti wá.

Ohun tó dín ẹ̀kuyá kù ní Ìlódè kì í ṣe ọ̀tá kan ṣoṣo. Yunifásítì Ifẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961 tó sì kọ́kọ́ wà ní Ìbàdàn, kó wá sí ọgbà tirẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1967. Ìlú fẹ̀, ilẹ̀ wọ́n. Wọ́n fi síméńtì tẹ́ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n kọ́ ilé alẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ sórí àkìtàn, ọ̀rá àti ike sì gba ipò èèpo iṣu nínú ìdọ̀tí. Oògùn apakoríko wá dé sọ́jà. Ọkọ́ lè yà fún ewé kan, oògùn tí wọ́n fi ẹ̀rọ fín kò lè yà fún ìkankan. Nínú gbogbo àyípadà wọ̀nyí, oògùn yẹn ló burú jù fún ẹ̀kuyá, nítorí ó mú ìpinnu kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń roko.

Ọjà náà yí padà. Àwọn tó ń ṣe àkùrọ̀ létí odò ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú lórí ebè, wọ́n ń bomi rin wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì ń dì wọ́n ní ìdì kan náà lọ́jọ́ kan náà fún àwọn alátùntà ẹ̀fọ́ ní ọjà Odò-Ògbè. Ugu, tó jẹ́ ẹ̀fọ́ àwọn Ìgbò, di ẹ̀fọ́ gbogbo ènìyàn. Ewé tó ń hù nígbà tó bá wù ú kò lè bá irú ọjà bẹ́ẹ̀ dọ́gba. Kábéèjì ń ti Jos wá nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì wọ inú sàláàdì gbogbo òde ìnáwó. Ìbátan ẹ̀kuyá tó ti ọ̀nà jíjìn wá ni wọ́n ń fi owó gidi rà, nígbà tí ti ilé ń kú sábẹ́ síméńtì.

Àwọn onímọ̀ Ifẹ̀ kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀. Ní 2011, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dara pọ̀ mọ́ yunifásítì méjì ní Kánádà, Manitoba àti Cape Breton, nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní NICANVEG, láti ran àwọn àgbẹ̀, pàápàá àwọn obìnrin, lọ́wọ́ kí ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ lè di ọjà tó ń mówó wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ MicroVeg so wọ́n pọ̀ mọ́ Yunifásítì Parakou ní Bẹ̀nẹ̀ àti ti Saskatchewan. Ugu, ìgbágbá àti tẹ̀tẹ̀ ló gba iwájú. Iṣẹ́ yẹn fi hàn pé ohun tí wọ́n ti ń já lẹ́yìnkùlé lè gba ilẹ̀ oko, ajílẹ̀ àti owó. Ó tó kí ẹ̀kuyá náà gba irú ànfààní bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn ìlú mìíràn ti lọ jìnnà nínú rẹ̀. Ní Kẹ́ńyà, àwọn Kisii ń pè é ní chinsaga, àwọn Luo ń pè é ní dek. Wọ́n ń fi wàrà sè é kí ìkorò rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n ń gbìn ín lóko, ó sì wà lórí àtẹ ilé ìtajà ńlá ní Nairobi. Ní àríwá Nàmíbíà, ombidi ni orúkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń sè é, wọ́n ń gún un, wọ́n sì ń sá a gbẹ ní ìṣù pẹlẹbẹ kí wọ́n lè rí i jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín ní Bẹ̀nẹ̀, Enoch Achigan-Dako àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Abomey-Calavi ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí rẹ̀. Ní 2018, òun àti Déédi Sogbohossou pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìlànà jáde lórí bí wọ́n ṣe lè mú irú ẹ̀kuyá tó dára jù jáde fún àwọn àgbẹ̀.

Ohun tó mú ẹ̀kuyá dé yàrá ìwádìí Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú mústádì. Òdòdó igbó kékeré kan wà nínú ìdílé mústádì tó ń jẹ́ Arabidopsis thaliana. Ẹnikẹ́ni kì í fi se ọbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ewéko àkọ́kọ́ láyé tí àwọn onímọ̀ ka gbogbo àkọsílẹ̀ inú DNA rẹ̀ tán, ní ọdún 2000. Arabidopsis dà bí ìrẹsì nínú ọ̀nà tó ń gbà fi oòrùn ṣe oúnjẹ: bí ooru bá mú jù, agbára rẹ̀ ń ṣòfò. Àgbàdo àti ìrèké ní ọ̀nà mìíràn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní C4, tí kì í jẹ́ kí ooru àti ọ̀dá tètè dá wọn lágara. Ẹ̀kuyá ní ọ̀nà C4 yìí náà. Àǹfààní ńlá nìyí, nítorí wọ́n lè gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arabidopsis, ìbátan rẹ̀ tí kò ní in, kí wọ́n sì wo ohun tó yàtọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Julian Hibberd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge dá àbá yìí ní 2005, pẹ̀lú ìrètí pé ohun tí wọ́n bá kọ́ lára ẹ̀kuyá lè ṣèrànwọ́ láti mú ìrẹsì tó ń so dáadáa sí i jáde. Ní 2023, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tẹ àkọsílẹ̀ DNA ẹ̀kuyá jáde.

Nítorí náà, ìfẹ́ oòrùn tó jẹ́ kí ẹ̀kuyá sá fún abẹ́ kòkó ní Ifẹ̀ náà ló sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń fi owó rẹpẹtẹ wádìí ní Yúróòpù.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ padà sí ẹ̀yìnkùlé ní Ìlódè, iṣẹ́ rẹ̀ kò le, àmọ́ ó ní àṣírí tirẹ̀. Hóró tuntun kì í fẹ́ hù; ó ń sùn fún bí oṣù mélòó kan, nítorí náà hóró tí wọ́n kó nígbà òjò tó kọjá ló yẹ fún gbígbìn. Kí èso tó là ni kí wọ́n ti já a, nígbà tó bá ń pọ́n láti àwọ̀ ewé sí àwọ̀ ìyeyè, kí wọ́n sá a lórí aṣọ kí hóró má ba à fọ́n nù. Ìmọ́lẹ̀ ń dí i lọ́wọ́ láti hù, kí wọ́n fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó. Kí ó jìnnà sí gọ́tà àti ibi tí wọ́n ń da bátìrì àti epo mọ́tò nù, nítorí ewé máa ń fa májèlé inú ilẹ̀. Oṣù Ẹrẹ́nà sí Igbe, nígbà tí ilẹ̀ bá ti mu omi díẹ̀, ni àkókò rẹ̀. Bí wọ́n bá ń já òdòdó kúrò bó ṣe ń yọ, ewé yóò máa wá fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sí i; igi méjì tàbí mẹ́ta nìkan ni kí wọ́n fi sílẹ̀ kó so, kí wọ́n lè rí hóró fún ọdún tó ń bọ̀.